Ẹnu Òṣìṣẹ́ Ni Èdè Ń Gbé: Ọjọ́ Kan Nínú Jẹ́lé-ó-sinmi ní Peckham

Kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, àwọn òbí ti ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ gba Rye Lane kọjá ní Peckham, ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn oníṣòwò ń pàtẹ iṣu, ata rodo àti ẹja gbígbẹ síwájú ìsọ̀. Ọkùnrin kan ń já páálí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó há fóònù sí èjìká, ó ń fi Yorùbá ṣàlàyé fún ẹnì kan pé owó tí òun ń retí kò tíì wọlé. Obìnrin ará Sòmálíà méjì ń kíra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ kan nínú kẹ̀kẹ́ ń fi èdè Sípéènì ké pe bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ń fi èdè kan náà bẹ̀ ẹ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń pe àdúgbò yìí ní Èkó kékeré. Ṣùgbọ́n Èkó gan-an kì í ṣe ti Yorùbá nìkan, bẹ́ẹ̀ náà ni Peckham.

Púpọ̀ nínú àwọn kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí ń yà sí òpópónà kan náà, níbi tí jẹ́lé-ó-sinmi kan wà nínú ilé bíríkì tó ti jẹ́ gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì rí. Ọ̀gá ibẹ̀ gbà kí n wá wo bí wọ́n ṣe ń fi oríṣiríṣi èdè tọ́jú ọmọ. Ó ní kí n má dárúkọ ilé náà, kí n má dárúkọ ọmọ kankan, kí n sì fi fóònù mi sílẹ̀ lọ́fíìsì. Mo fi í sílẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé orúkọ. Ìyá kan dé, aṣọ iṣẹ́ ilé ìtọ́jú arúgbó ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Iṣẹ́ òru ló ti ń bọ̀.

“Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ó sùn?”

“Sùn kẹ̀? Màmá mi ní kò jẹ́ kí àwọn fojú kan oorun. Eyín ló ń hù.”

“Ó jẹun?”

“Ògì díẹ̀ ló mu. Ó ya ìgbẹ́ ṣíṣàn lẹ́ẹ̀kan ní ìdájí, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò gbóná.”

Òṣìṣẹ́ náà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó gba ọmọ. Ìṣẹ́jú kan kò tíì pé tí wọ́n ti mọ̀ nípa oorun, oúnjẹ, eyín àti ìgbẹ́. Ká ní Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá yìí fẹ́ fi sọ ọ́, pẹ̀lú bó ṣe rẹ̀ ẹ́ tó, ohun tí yóò sọ ni pé ọmọ wà dáadáa, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bàbá kan láti Côte d'Ivoire dé. Òṣìṣẹ́ náà yíjú sẹ́yìn, ó pe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ ará Kóńgò, ìyẹn sì fi Faransé gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu bàbá náà.

Ìkíni oríṣiríṣi èdè ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú àsíá orílẹ̀-èdè lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti Yorùbá kò ní àmì ohùn kankan lórí. Ọ̀gá rí i pé mò ń wò ó, ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀,” ó ní. “Kò sí jẹ́lé-ó-sinmi tí kò ní irú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ wá wo inú yàrá.”

Yàrá àwọn ọmọ ọwọ́ ni a kọ́kọ́ wọ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé àgbàlagbà kan kò gbọ́dọ̀ mójú tó ju ọmọ mẹ́ta lọ bí wọn kò bá tíì pé ọdún méjì. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ọ̀kan jẹ́ ará Ìjẹ̀bú, èkejì wá láti Kòlóńbíà, ẹ̀kẹta jẹ́ ọmọ Lọ́ńdọ̀nù tí Gẹ̀ẹ́sì nìkan yé. Ará Ìjẹ̀bú yìí, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí, gbé ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún kan sórí tábìlì tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ìlédìí.

“Ó ti tutù, àbí? Ó ti tutù. Ó yá, jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀. Ẹsẹ̀ dà? Gbé ẹsẹ̀ sókè.”

Kí ó tó fọwọ́ kàn án, ọmọ náà ti na ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, ó ń wò ó lójú.

“Ó káre! Ọmọ dáadáa. Ó ku ṣòkòtò.”

Ní igun kejì, ará Kòlóńbíà ń fi èdè Sípéènì bá ọmọ mìíràn sọ̀rọ̀ bó ti ń nu imú rẹ̀. Ìyẹn ń gbé orí sá, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ìwé níbẹ̀, kò sí pátákó. Ìlédìí, oúnjẹ, oorun àti imú nínù ni ẹ̀kọ́ èdè tó wà ní yàrá yìí, gbogbo wọn sì ń ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Ohun tí Àǹtí bá sọ, ọmọ á rí i pé ó ń ṣẹlẹ̀ sí òun lára lójú ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń yé e.

Ìwádìí kan wà tó ti ohun tí mo rí yìí lẹ́yìn. Ní ọdún 2003, Patricia Kuhl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Washington, ní Seattle, mú àwọn ọmọ oṣù mẹ́sàn-án tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń gbọ́ nílé. Wọ́n jẹ́ kí àwọn tó ń sọ Mandarin, èdè àwọn ará Ṣáínà, bá apá kan nínú wọn ṣeré, kí wọ́n sì kàwé fún wọn, fún ìgbà méjìlá. Apá mìíràn rí àwọn ènìyàn kan náà lórí tẹlifísàn. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn tó bá ènìyàn jókòó lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ìró Mandarin. Àwọn ti tẹlifísàn kò kọ́ nǹkan kan. Òbí tó rò pé àwòrán Yorùbá lórí YouTube yóò bá òun kọ́ ọmọ ọwọ́ lédè, kí ó rántí èyí.

Ariwo ẹkún ló pàdé wa ní yàrá àwọn ọmọ ọdún méjì. Ọmọkùnrin kan tí kò tíì pẹ́ tó dé jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń tún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ. Wọ́n fún un lómi, ó tì í dànù. Wọ́n fún un ní bisikíìtì, ó jù ú. Òṣìṣẹ́ kan fẹ́ gbé e, ó tẹ̀ sẹ́yìn. Ará Sòmálíà ni àwọn òbí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbọ́ èdè wọn nínú yàrá. Ọ̀gá ní kí wọ́n lọ pe alásè.

Alásè ti ilé ìdáná jáde, ó ń fi épúrọ́ọ̀nù nu ọwọ́. Ó lóṣòó síwájú ọmọ náà, ó bi í ní nǹkan jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ọmọ dákẹ́ kí ó lè gbọ́. Ó fèsì. Alásè dìde, ó lọ síbi tí wọ́n ń fi àpò àwọn ọmọ kọ́, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ ìpààrọ̀, ó fa ìborùn kan yọ. Ti ìyá ọmọ náà ni. Ọmọ gbà á, ó fi bo ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹkún dá. Ohun tó ti ń béèrè láti àárọ̀ nìyẹn, ó sì ń béèrè rẹ̀ lọ́nà tó já gaara. Àwọn tó yí i ká ni kò gbọ́.

Wọn kì í ka alásè mọ́ iye òṣìṣẹ́ tí yàrá náà gbọ́dọ̀ ní. Wọn kì í sì í san kọ́bọ̀ fún un lórí èdè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, òun ló ṣe iṣẹ́ tó le jù ní àárọ̀ ọjọ́ náà.

Ìlànà ìjọba tó de gbogbo ilé ìtọ́jú ọmọdé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń pè ní EYFS, kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ó ní bí Gẹ̀ẹ́sì kì í bá ṣe èdè ilé ọmọ, ilé ìtọ́jú gbọ́dọ̀ sa ipá tó yẹ láti fún un láyè kí ó lo èdè ilé rẹ̀ nínú eré àti nínú ẹ̀kọ́. Ó tún ní kí wọ́n rí i pé Gẹ̀ẹ́sì ọmọ náà dá múṣémúṣé kí ó tó wọ ilé ìwé. Ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ pa èkejì. Bákan náà, ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n fi í lé lọ́wọ́ ní pàtàkì, tí òbí yóò mọ̀ lójú, tí yóò sì mọ òbí.

Mo rí ibi tí ìlànà yìí ti wúlò jù nígbà tí Àǹtí pe ìyá kan jókòó. Bí ọmọ bá wà láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ àbọ̀ nípa ìdàgbàsókè rẹ̀ fún òbí. Nínú ìwé tí wọ́n kọ nípa ọmọkùnrin yìí, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tó nǹkan: ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ti ó dàbọ̀, ti rárá, àti ìwọ̀nba díẹ̀ mìíràn. Lórí ìwé, ọmọ tó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ ni. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

“Èyí tó ń pàṣẹ fún gbogbo wa nílé? Ó ń sọ pé ‘gbé mi’, ‘omi dà’, ‘ó tó’, ‘fi í sílẹ̀’, ‘màmá ti lọ’. Ó mọ orúkọ gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì wa.”

Àǹtí kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ìlànà EYFS ló ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀: bí Gẹ̀ẹ́sì ọmọ kò bá tó, wọ́n gbọ́dọ̀ bá òbí wo bó ṣe ń sọ èdè ilé kí wọ́n tó pinnu pé ọ̀rọ̀ sísọ rẹ̀ pẹ́. Àwọn onímọ̀ nípa ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ náà ti là á mọ́lẹ̀ pé èdè méjì kì í fa ìṣòro ọ̀rọ̀ sísọ. Ọmọ tó bá ní ìṣòro lóòótọ́, inú èdè méjèèjì ni yóò ti hàn. Síbẹ̀, mélòó nínú àwọn òbí wa ni wọ́n ti sọ fún pé kí wọ́n dẹ́kun Yorùbá nílé kí ọmọ lè tètè sọ̀rọ̀?

Ọ̀gá ilé yìí kò ti inú ìwé kọ́ ohun tó ń sọ. Ìdílé òyìnbó kan ní Kent ló tọ́ ọ títí ó fi di ọmọ ilé ìwé, nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì ń kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù. Kì í ṣe òun nìkan. Láti àwọn ọdún 1950 lọ, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá àti ọmọ Nàìjíríà mìíràn ni àwọn òbí wọn fi sọ́dọ̀ ìdílé òyìnbó ní Kent, ní Essex àti lágbègbè wọn, tí wọ́n ń sanwó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Inú ìwé ìròyìn Nursery World ni wọ́n ti ń polówó pé àwọn ń wá alágbàtọ́. Adewale Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tí wọ́n bí ní 1967, wà lára wọn: ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Tilbury. Nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ mú un lọ sílé ní Nàìjíríà, kò gbọ́ Yorùbá tí wọ́n ń bá a sọ. Ó fi ìtàn náà ṣe fíìmù tó pè ní Farming ní 2018.

“Àwọn òbí mi kò burú,” ọ̀gá sọ. “Wọn ò rí ẹlòmíì tó máa gbà wá ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà sílé, àlejò ni mo jẹ́ fún ìyá mi. Mo ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa mi lójú mi.” Ìgbà tó dàgbà ló tó kọ́ Yorùbá, ó sì ń sọ ọ́ báyìí pẹ̀lú ohùn òyìnbó díẹ̀ lẹ́nu.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin dá ọjà sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ọsàn oníke, agolo òfìfo àti iṣu kan tí wọ́n fi bébà pupa ṣe ni ọjà wọn. Ọmọbìnrin kan jókòó tì í bí ìyálọ́jà. Ọmọkùnrin kan tí òbí rẹ̀ wá láti Ẹ́kúádọ̀ mú ọsàn kan, ó bi í ní iye tó jẹ́ pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọbìnrin náà dá a lóhùn pé ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ni. Ọmọkùnrin gbé ọsàn sílẹ̀, ó káwọ́ lẹ́yìn, ó ní: “Ó ti wọ́n jù!” Yorùbá ló fi sọ ọ́. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àfi ìyálọ́jà. Òun rò ó, ó ní kí ó mú owó kan wá.

Kò sí ẹni tó kọ́ ọmọ ará Ẹ́kúádọ̀ ní Yorùbá. Ó ń bá àwọn tó ń sọ ọ́ ṣeré ni, ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà ń ṣiṣẹ́. Ìyálọ́jà kékeré náà jàǹfààní ju tirẹ̀ lọ: ó rí i pé èdè tí ìyá àgbà òun ń sọ nílé wúlò lẹ́nu ọmọ tí kì í ṣe ẹbí òun. Ọ̀pọ̀ ń sọ pé èdè méjì ń mú kí ọpọlọ ọmọ jí pépé ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ìyẹn. Èyí tí mo rí níbi ọjà yìí kò nílò àríyànjiyàn.

Nínú ọ́fíìsì, owó la sọ̀rọ̀ lé lórí. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìjọba ń san owó wákàtí 30 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 38 lọ́dún, fún ọmọ òbí tó ń ṣiṣẹ́, láti ìgbà tí ọmọ bá ti pé oṣù mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n bí físà bàbá àti ìyá bá kọ̀ fún wọn láti jẹ nínú owó ìjọba, èyí kò kàn wọ́n. Wákàtí 15 tí gbogbo ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin ní ẹ̀tọ́ sí ni tiwọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fi físà iṣẹ́ tàbí ti ẹ̀kọ́ wọlé ló wà nínú èyí. Wọ́n á wá obìnrin Yorùbá kan tó ń ṣọ́ ọmọ nínú ilé rẹ̀. Yorùbá á wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gbowó ṣọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ nínú ilé ara rẹ̀, fún ju wákàtí méjì lọ lóòjọ́, òfin ní kí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ofsted, àjọ ìjọba tó ń ṣàyẹ̀wò ilé ìtọ́jú ọmọ, tàbí lọ́dọ̀ àjọ tí Ofsted fọwọ́ sí. Kí òbí béèrè ìwé yẹn kí ó tó gbé ọmọ sílẹ̀.

Bàbá kan wọlé bá wa níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni, ó sì fẹ́ sọ tọkàn rẹ̀.

“Mà, ẹ má bínú. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò ní ìlú yìí. Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń sanwó fún. Yorùbá, a ó máa sọ ọ́ nílé.”

“Aago mélòó lẹ ń délé, sà?”

“Aago mẹ́jọ, nígbà míì mẹ́jọ ààbọ̀.”

“Aago mélòó lọmọ ń sùn?”

Ó dákẹ́ díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. “Aago méje.”

Ẹ̀rù tó ń ba bàbá yìí kì í ṣe ti Lọ́ńdọ̀nù nìkan. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ wọn fún ọdún mẹ́fà, ní ilé ìwé St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí ẹ̀kọ́ wọn sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta lọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Síbẹ̀, ní Nàìjíríà gan-an, ìjọba fọwọ́ sí ìlànà ní 2022 pé kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì kéde ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 pé òun ti wọ́gi lé e. Bí àwọn tó wà nílé bá ń ṣiyè méjì, kí ni ká retí lọ́wọ́ bàbá tó ń sáré bọ́ọ̀sì ní Peckham?

Ní aago márùn-ún, ìyá àgbà kan wá gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀. Kò pẹ́ tó dé láti Abẹ́òkúta, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò ju ìkíni lọ. Àǹtí kúnlẹ̀ kí i. “Màmá, ara rẹ̀ gbóná díẹ̀ lẹ́yìn oorun ọ̀sán. A wọ̀n ọ́n, kò ga. A pe ìyá rẹ̀, wọ́n ní ká fún un ní oògùn ibà, a fún un ní aago mẹ́ta. Ẹ má fún un ní òmíràn kí aago mẹ́sàn-án tó lù o.” Ìyá àgbà tún un sọ: “Aago mẹ́sàn-án.” Àwọn tó ń pe èdè ilé ní ọ̀rọ̀ àṣà lásán, kí wọ́n wá dúró sẹ́nu ọ̀nà yìí. Ọmọ lè gba oògùn lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ẹni tó wá gbé e kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

Òbí tó bá ń wá jẹ́lé-ó-sinmi fún ọmọ rẹ̀, kí ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá láìwo ògiri. Kí ó béèrè pé ta ló ń sọ èdè wa níbí, ṣé inú yàrá ọmọ mi ló ń ṣiṣẹ́ àbí inú ọ́fíìsì, ọjọ́ mélòó ló ń wá lọ́sẹ̀, ta ni yóò sì gba ipò rẹ̀ bó bá lọ. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn ló ṣòro jù fún ọ̀gá láti dáhùn. Ilé tí mo wò yìí kò ní gbogbo èdè àwọn ọmọ rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́ èdè Fẹtinámù níbẹ̀, kò sì sí ti Amharic mọ́ láti ìgbà tí ẹni tó ń sọ ọ́ ti kó lọ. Bí òṣìṣẹ́ bá ti lọ, èdè bá a lọ nìyẹn.

Mo bi Àǹtí bóyá yóò pẹ́ níbẹ̀. Ó ní òun fẹ́ràn iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ilé ìtajà ńlá kan ń wá ènìyàn, owó tibẹ̀ sì ju tòun lọ, kò sì sí ẹni tó ń géni jẹ níbẹ̀. Ó sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwàdà. Ẹgbẹ́ àwọn òbí ilé náà máa ń dáwó jọ lọ́dọọdún ra ẹ̀bùn Kérésìmesì fún àwọn òṣìṣẹ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n òbí tó bá fẹ́ kí ọmọ òun máa gbọ́ Yorùbá ní Peckham, kí ó lọ bá wọn jókòó lórí ọ̀rọ̀ owó oṣù Àǹtí.